Ilà ni o, kì í ṣe ìlà: ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Kàbà

Kí ẹni tí ò bá ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè tètè máa bá tiẹ̀ lọ, 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Màá tún gbé fọ́tò lọ fún wọn, mo sì ti júwe wọn fún èèyàn méjì. Ẹyọ kan tí mo yọ yẹn, ẹ máa kà á lọ, ẹ ó bá a níwájú. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí ẹjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tó ṣẹ̀ mí sì ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí mi bá a wí ju bí mo ṣe bá a wí lọ, èmi fúnra mi sì pariwo lé e lórí gan-an.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tún fọ́tò àtijọ́ ṣe, èyí tó ti ya, èyí tó ti ṣá, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọ́n á gbé e sí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á bá ẹ fi fìrémù sí i. Wọ́n tún ń ṣe fìrémù onínú jíjìn kan, tó dà bí àpótí pẹlẹbẹ, téèyàn lè kó ẹrù ẹni tó ti lọ sínú ẹ̀ kó fi kọ́ ògiri.

Ẹni tí mo torí ẹ̀ lọ ni Bàbá Kàdúná, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi. Ìsánlú la ti wá, ní ilẹ̀ Yàgbà. Àtọ̀dọ́ ni bàbá yìí ti gba Kàdúná lọ, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí ò gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ bí àwọn Yorùbá tó kù, nígbà yẹn Northern Region la wà, Kàdúná ni olú ìlú wa, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ibẹ̀ làwọn ará ilé tó ti ṣáájú lọ wà. Ìdí aṣọ ló ti ṣiṣẹ́. Kaduna Textiles ti dé láti 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ìgbà yẹn ló gbà á síṣẹ́, ó sì dúró nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ fún ọdún tó lé ní ogún. Ariwo ẹ̀rọ sọ etí ẹ̀ di. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì wá sílé, ó ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀rọ ṣì ń lọ lẹ́yìn ẹ̀, á kí ẹ "Okun o!" láti oríta, èèyàn mẹ́ta tí ò kí á dá a lóhùn láti inú ilé wọn. Téèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu èèyàn ló máa ń wò, ojú ló fi ń gbọ́rọ̀.

Àwa ọmọdé náà, ẹnu tiẹ̀ là ń wò. Ilà Yàgbà wà níbẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún mẹ́ta lósì, ó gùn, gbogbo ẹ̀ á wá pàdé létí ẹnu. Tó bá pariwo, àwọn ilà yẹn á na tàn-àn. Tó bá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, tó ká ẹnu jọ, wọ́n á súnra kì, wọ́n á dà bí okùn tí wọ́n fi so ẹnu àpò. Mo máa ń jókòó sí itan ẹ̀ fi ìka tọ̀ wọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ẹnu, tí ìka mi bá ti dé orí ibi tí wọ́n ti pàdé, á ṣe bí ẹni fẹ́ bù ú jẹ. Kò sí ìgbà tí ò ṣe é, kò sì sí ìgbà tí mi ò lọgun.

Ó kú ní 2011. Pọ́tìmáńtò onírin ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà, ìyàwó ẹ̀, látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òjò September tó kọjá ló jò wọ yàrá, la bá gbé e síta sá, ibi tá a ti ń sá a la ti ń rí nǹkan. Kọ́bọ̀ onihò méjì, wọ́n kọ 1959 sí wọn lára (ẹ̀yin ọmọ náírà ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, 1973 ni náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé). Awò ojú tí apá ẹ̀ kan ti kán tó fi òwú dúdú so. Ìwé owó orí tí wọ́n kọ Kabba Province sí, mo mọ àwọn tó máa jiyàn pé Kogí la ti wà látayébáyé, ẹ wá wo ìwé, 1967 ni wọ́n kó wa sínú ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara, 27 August 1991 ni Kogí tó dé.

Ọkọ̀ wá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí dáadáa. Igi ni, ó gùn tó ọwọ́ láti ìka dé ọrùn ọwọ́ àti díẹ̀ sí i, ó ṣe ṣóńṣó lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi irin dé ṣóńṣó náà, àárín ẹ̀ ṣófo. Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n. Bàbá ní "ọkọ̀ mi nìyẹn", àwa wá gbà pé ọkọ̀ ojú omi ni, ó ṣe tán ó jọ ọ́, la bá ń tì í kiri nínú báàfù, a máa ń fi èèrà ṣe èrò inú ẹ̀. Bàbá á jókòó máa wò wá, á máa rẹ́rìn-ín, kò bá wa jiyàn. Mo ti wọ yunifásítì kí n tó gbọ́ tí wọ́n ka ìwé Jóòbù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, pé ọjọ́ òun yára ju ọkọ̀ ìhunṣọ lọ, mo ní háà! Ọkọ̀ tó ń gbé òwú sọdá sọ́tùn-ún sósì nídìí ẹ̀rọ ni, tó bá ti gbó wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, bàbá wá mú ọ̀kan nínú àwọn tó ti gbó bọ̀ wálé.

Fọ́tò mẹ́tàdínlógún la bá níbẹ̀. Mẹ́rin la yàn. Àkọ́kọ́, èyí tó yà ní fọ́tò studio ní Kàdúná, 1962, òun nìkan lórí àga, rédíò kan lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ (Ìyá Àgbà ní onífọ́tò ló ni rédíò náà, gbogbo ẹni tó bá wá ló ń yá a). Ìkejì, ìgbéyàwó wọn ní 1966, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì pátápátá. Ìkẹta, aláwọ̀, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n bí ẹni wò ó láti inú gíláàsì sóbò. Ìkẹrin, òun àti obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀, tí wọ́n fara ti kẹ̀kẹ́ Raleigh. Obìnrin yìí ń bọ̀ lọ́rọ̀ o, ẹ ní sùúrù.

Mo wọ mọ́tò láti Ìsánlú, a gba Mopa lọ sí Kàbà, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, mo gbé fọ́tò sí itan bí ẹyin. Mo débẹ̀, ọ̀gá ò sí nílé, ọmọ iṣẹ́ ló wà níjókòó, ọmọ bí ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó bu omi fún mi. Kò gbé fọ́tò sórí sikáànà. Ó gbé ti 1962 sórí kántà, ó yọ fóònù, ó yà á. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, WhatsApp dún. Ọkùnrin kan ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó rẹwà o, ara ẹ̀ ń dán bí ẹni fi òrí pa á, ojú ẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, eyín ẹ̀ funfun báláú. Àga Bàbá Kàdúná ló jókòó sí, aṣọ Bàbá Kàdúná ló wọ̀, rédíò tí wọ́n yá Bàbá Kàdúná ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo gbé e fún àǹtí wa tó dàgbà jù, ó wò ó títí, ó ní "ta lèyí?" Kì í ṣe pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ni mo bá pe ọmọ iṣẹ́ náà. Bá a ṣe sọ ọ́ rèé:

"Àǹtí, ṣé ẹ ti rí i? Ó dáa àbí?"

"Kí lo fi ojú ẹ̀ ṣe?"

"Ìlà pọ̀ lójú fọ́tò náà mà, mo ti bá yín pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

"Ìlà kọ́! Ilà ni! Ilà!"

Ó dákẹ́. Ó tún ní "ẹ má bínú mà, ìlà wo?" Gbogbo ará ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mi ò rẹ́rìn-ín. Ápù kan tó ń lo AI ló fi ṣe é, ápù yẹn náà ò mọ ilà yàtọ̀ sí ìlà, ó rí ojú tó ní ìlà mẹ́fà, ó gbà pé fọ́tò ló ya, ó bá wa pa á rẹ́. Ká má parọ́, níbo lọmọ yẹn ti fẹ́ rí ilà Yàgbà? Àwọn tó kọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn mi ò ní àròjinlẹ̀ yìí, mo sọ ohun tó pọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀gá ẹ̀ pè mí fúnra ẹ̀, ohùn àgbà. Kò ṣàlàyé, ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná. Ó wá ní "ọmọ Yàgbà ni bàbá yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fọ́tò gangan mọ́, kí n tún padà wá kí n wá jókòó ti òun. Ohun tó jẹ́ kí n fún wọn ní 4 nìyí.

Mo jókòó tì í fún bíi wákàtí méjì. Ó gbé fọ́tò sórí sikáànà, ó ní 600 dpi (ìwọ̀n bí sikáànà ṣe máa rí nǹkan kínníkínní tó) lòún máa ń lò fún irú èyí, tí fọ́tò bá kéré bíi páásípọ́ọ̀tù òún á tún lọ sókè sí i. Ó wá fa ojú bàbá títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo fi kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n wo èyí tó ya. Èyí tó ya funfun, torí bébà abẹ́ ẹ̀ ló yọ síta, etí ẹ̀ mú bí abẹ, kò sì mọ ibi tó dé, ó gba orí àga, ó gba ọrùn ẹ̀wù, ó gba ojú, ó kọjá lọ sára ògiri ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní kí n wá wo ilà. Ilà kì í jáde kúrò lójú. Ó tẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ dúdú díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì tàn díẹ̀, torí kòtò ni, ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé ló bọ́ sínú ẹ̀. Mo wò ó, mo rí i. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti mọ ojú yẹn, mi ò mọ̀ pé kòtò ilà ní òjìji tiẹ̀.

Ọ̀kan lára ibi tó ya wá gba àárín ilà méjì kọjá lápá òsì, ibẹ̀ ló ti bi mí pé báwo ni ilà àárín yẹn ṣe rí nígbà ayé ẹ̀, ṣé ó gùn tó ti òkè? Ẹnu mi kọ́kọ́ wọhò. Mo wá di ojú, mo gbé ìka sókè nínú afẹ́fẹ́, mo fi tọ̀ ọ́ wá sí etí ẹnu. Mo ní ó kúrú díẹ̀ ju ti òkè lọ. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó fà á bẹ́ẹ̀.

Ti ìgbéyàwó tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, èrò mi ni pé wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n ya á kúrò lára ẹ̀. Ó ní ká má dán an wò, tá a bá ya á, ojú ìyàwó á kù sára gíláàsì, ọwọ́ wa á ba ẹ̀yìn bébà. Ó gbé e tòun ti gíláàsì, ó fi aṣọ dúdú bo ara ẹ̀ àti kámẹ́rà kí iná má baà tàn lórí gíláàsì, ó yà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ́n, ó ṣàlàyé pé fọ́tò dúdú òun funfun, fàdákà ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń pẹ́, ṣùgbọ́n ti aláwọ̀, aró ni, aró a sì máa ṣá, wọn kì í sì í jọ ṣá lẹ́ẹ̀kan náà, nínú fọ́tò ìgbà yẹn èyí tó jọ ewé òun sánmọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ó wá ku pupa nìkan. Mo ní ẹ̀yin ò mọ̀ pé aláṣọ ni bàbá yìí, ì bá gbádùn ọ̀rọ̀ aró yìí. Ó tún kìlọ̀ fún mi nípa àlúbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n máa ń fi nylon bò lójú, tó wà nílé gbogbo wa, ó ní gọ́ọ̀mù yẹn ló ń pa fọ́tò, kí n fi òwú tín-ín-rín fà wọ́n kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́ láti abẹ́, kí n má fi èékánná hú wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ ṣe é nílé yín.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo gbà á. Wọ́n ní kò sí iná, mo gbà, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ iná, ṣùgbọ́n fóònù ò kí ń ṣe iná, ẹ pe kọ́sítọ́mà ẹ sọ fún un. Fìrémù àpótí tí wọ́n kàn fún ọkọ̀ ìhunṣọ, kò jìn tó, gíláàsì ò pa dé, wọ́n ní kí àwọn fi ayùn gé ìdí ọkọ̀ náà díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ subú lulẹ̀. Gé kí ni? Wọ́n padà kan òmíràn, wọn ò gbowó lé e, ó dáa báyìí, ọkọ̀, awò ojú, kọ́bọ̀ méjèèjì àti ìwé owó orí wà níbẹ̀ lórí aṣọ funfun, ó mọ́ lójú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kì í sikáànì ẹ̀yìn fọ́tò àyàfi téèyàn bá sọ. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn fọ́tò náà fọ́tò ni! Ibẹ̀ ni sitáńbù onífọ́tò máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí. Mo ní láti wọ mọ́tò padà lọ nítorí ìyẹn nìkan. Wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ owó mọ́tò mi ńkọ́?

Owó: ₦500 ni sikáànì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti ₦4,000, ti ojú bàbá wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, fìrémù àpótí ₦18,000, mo ná an títí wọ́n fi gba ₦16,000. Ẹ má gba fọ́tò yín lórí WhatsApp, WhatsApp sábà máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré kó tó fi ránṣẹ́, ẹ mú fláàṣì dání lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí bàbá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ jẹ iyán kẹ́ ẹ padà wá.

Ó wá ku obìnrin orí kẹ̀kẹ́. Àwọn àǹtí mi ti ṣèpàdé láìpè mí. Wọ́n ní Ìyá Àgbà ò gbọ́dọ̀ rí i, kí n ní kí wọ́n bá wa yọ obìnrin náà kúrò, kó ku bàbá àti Raleigh. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá. Ó ní kò le, ₦3,000, òun lè fi ògiri bo ibi tó dúró sí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó wá fi ojú bẹ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ wò níbi tó jókòó sí, ó ní ṣùgbọ́n a ti bá yín pa ilà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó ni ọkọ.

Èmi nìkan ni mo lọ bá Ìyá Àgbà. Mo gbé fọ́tò lé e lọ́wọ́, ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i padà, ó ní kí n ka ẹ̀yìn ẹ̀ fún òun. Bírò aláró, ọwọ́ bàbá fúnra ẹ̀: Kaduna, 1963. Ìyá Àgbà ka ọdún lórí ìka, ẹ̀ẹ̀ta ló kà títí dé 1966.

"Ẹ fi í síbẹ̀," ó ní. "Òun ló ń se oúnjẹ fún un kí n tó dé. Òun ló kọ́ ọ pé kó má fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, mo bá a bẹ́ẹ̀ ni."

Mo bi í pé kí lorúkọ ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó dá fọ́tò padà fún mi, ó sì ní kí n lọ bá òun bu omi wá.